Àmì Ẹyọ Kan Tí Mo Kẹ̀yìn Sí

Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí tí ọkàn mi kò balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó ilé ni ó fà á, kì í sì í ṣe àìsàn. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ni ó ń bọ̀. Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń gbé sá) ti yunifásítì LSU ní ìpínlẹ̀ Louisiana, tí èmi àti àwọn ará ilé mi ti ń tì lẹ́yìn láti ìgbà tí a ti fi Baton Rouge, ìlú tí yunifásítì náà wà, ṣe ibùgbé, yóò lọ bá ẹgbẹ́ yunifásítì Clemson nílé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ South Carolina fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ nínú sáà ọdún 2025. Àwọn oníròyìn ń sọ̀rọ̀ nípa Garrett Nussmeier tiwa àti Cade Klubnik tiwọn, àwọn quarterback méjèèjì tí wọn yóò máa ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ipò 4 tí wọ́n fi Clemson sí àti ipò 9 tí wọ́n fi wá sí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ń jiyàn lórí èwo nínú pápá ìṣeré méjèèjì ni ó ni orúkọ Death Valley, nítorí pé ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ń fi orúkọ náà pe ilé ara rẹ̀. N kò bá wọn dá sí i. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi kéré ju ìyẹn lọ: ṣé ẹni tí yóò gba bọ́ọ̀lù tí ó ń bọ̀ láti òkè yóò gbà á mọ́ àyà? Ṣé ẹni tí yóò gbé alátakò ṣubú yóò fi apá méjèèjì yí i ká?

Àníyàn mi kì í ṣe àníyàn lásán. Ọdún márùn-ún gbáko ni LSU ti ń fi ìjákulẹ̀ ṣí sáà. Ní 2020, nígbà tí ayọ̀ ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà ní sáà 2019 láìpàdánù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì tán lọ́kàn wa, Mississippi State wá nà wọ́n mọ́lé, 44 sí 34, quarterback àlejò náà sì ju bọ́ọ̀lù fún 623 yáàdì. Ní 2021, UCLA nà wọ́n ní Kalifọ́níà, 38 sí 27. Florida State ni ó nà wọ́n ní 2022 àti 2023. Ní 2024, ní Las Vegas, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ péré kí eré parí nígbà tí USC gba bọ́ọ̀lù kọjá lára wọn wọlé, tí ó di 27 sí 20. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè kì í ṣe ọmọdé mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo ẹ̀yìn. Ibi tí ojú mi sì máa ń dúró sí, bí mo bá ti wẹ̀yìn, ni alẹ́ ọjọ́ kan ní New Orleans.

Yáàdì 99, àti ogún tí ó tẹ̀ lé e

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, nínú pápá ìṣeré Superdome. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Brian Kelly yóò darí gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá LSU ni, Florida State sì ni alátakò. Èmi àti àkọ́bí mi jókòó sí pálọ̀, ìyá rẹ̀ wà ní kíṣìnì, gbogbo àdúgbò sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí ìgbà tí òjò ńlá fẹ́ rọ̀.

Alẹ́ náà kò dán láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti dí bọ́ọ̀lù kan tí a fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá fún àmì mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù tí alátakò bá ta sókè láti fi lé ni sẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní punt, bọ́ lọ́wọ́ Malik Nabers lẹ́ẹ̀mejì, èyí kejì sì jẹ́ nígbà tí eré ti fẹ́ẹ̀ parí. Florida State hé e nítòsí ẹnu ilé wa. Wọ́n ti ní 24, a ní 17, wọ́n sì ti fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i láti fi èdìdì dì í. Àfi bí bọ́ọ̀lù ṣe jábọ́ lọ́wọ́ àwọn náà, tí ọmọ tiwa kan dà bò ó. Ìṣẹ́jú kan àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá ni ó ṣẹ́kù lórí aago. Yáàdì kan péré ni ó wà láàárín bọ́ọ̀lù àti ẹ̀yìn ilé wa. Yáàdì 99 ni ó wà níwájú.

Bí Jayden Daniels ṣe kó wọn rìn ín já ni n kò lè gbàgbé. Ó ju bọ́ọ̀lù síhìn-ín, ó sá gba ọ̀hún, aago ń sáré, àwọn ọmọ náà ń dìde kíákíá láti tún tò, èmi àti ọmọ mi kò sì mí. Nígbà tí Jaray Jenkins gba èyí tí ó kẹ́yìn mọ́ àyà nínú ilé alátakò, kò sí ohunkóhun mọ́ lórí aago. Ó di 24 sí 23. Ọmọ mi fò mọ́ mi lọ́rùn, mo sì pariwo débi pé ìyá rẹ̀ sáré jáde wá wò wá.

Ó ku àmì ẹyọ kan. Àmì yìí ni wọ́n máa ń jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ gbá lẹ́yìn touchdown, ìyẹn ni àmì mẹ́fà tí a ń gbà bí a bá gbé bọ́ọ̀lù wọ ilé alátakò, láti nǹkan bí ogún yáàdì, ó sì wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí eré mọ́. Bí ó bá wọlé, a óò lọ sí àfikún àkókò. Mo dìde. Mo kọjú sí kíṣìnì láti lọ bu omi mu, mo ń sọ fún ìyàwó mi pé eré ṣì pọ̀ níwájú, kí ó má ṣe gbé oúnjẹ wá ná. Ẹ̀yìn mi ni mo kọ sí tẹlifíṣọ̀n. Ohùn ọmọ mi ni mo gbọ́, kò sì pariwo rárá: “Dádì, wọ́n ti dí i.”

Shyheim Brown ti Florida State ni ọwọ́ rẹ̀ bà á. Eré ti parí. Mo padà wá dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ife tí kò sí omi nínú rẹ̀, mo ń wò ó bí wọ́n ṣe ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì yí padà.

Ohun tí ó ń dùn mí láti ọjọ́ náà ju pé a pàdánù lọ. Mo wo yáàdì 99 láìṣẹ́jú, mo sì kẹ̀yìn sí ogún tí ó tẹ̀ lé e. Mo bá gbogbo ènìyàn bú àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ kejì pé wọn kò ka iṣẹ́ kékeré sí, bẹ́ẹ̀ ni èmi gan-an, tí mo jókòó sórí àga tí kò sí ẹni tí ó ń tì mí, kò kà á sí. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti pe àmì ẹyọ kan ní orí rí, ìdí nìyí tí gbogbo wa fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá.

Ọrùn rẹ̀ dára

Aránṣọ ni ìyá mi, ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ fún oṣù mẹ́ta. Etí aṣọ ni yóò máa ká lórí àkísà, yóò máa fi abẹ́rẹ́ rán an, ìyá mi yóò wò ó, yóò tú u, ọmọ náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ihò bọ́tìnnì. Lẹ́yìn bọ́tìnnì ni síìpù. Àwọn òbí máa ń wá bá a pé, “Màmá, ìgbà wo ni ọmọ wa yóò rán aṣọ gan-an?” Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: “Ó ti ń rán an.”

Ní ọdún kan, iṣẹ́ pọ̀ jù nítorí ìnáwó ọdún, ó sì gba ọmọ iṣẹ́ kan tí kò tíì pé láyè láti fi síìpù sí ẹ̀yìn aṣọ léèsì kan. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ọrùn aṣọ náà. Iṣẹ́ ọrùn náà gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta, ó sì dára débi pé àwọn tí ó ń kọjá lọ ń yà wá wò ó. Síìpù náà já lójú agbo, bí oníbàárà ṣe tẹ̀ láti gbé ọmọ ìyàwó. Ní ọjọ́ Ajé ó gbé aṣọ náà padà wá. Kò jà. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Màmá, ọrùn rẹ̀ dára o.” Ó sì lọ. Ìyá mi mú bíléèdì, ó tú gbogbo ẹ̀yìn aṣọ náà fúnra rẹ̀, kò sì jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, n kò sì mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìyìn fi lè dun ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ní Baton Rouge, ní ọjọ́ kejì tí Florida State nà wá, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni ó ń sọ pé yáàdì 99 náà dára púpọ̀. Ìgbà náà ni ohun tí ó dun ìyá mi wá yé mi.

Ẹsẹ̀ ni kí o máa wò

Ẹni tí ó kọ́ mi bí a ṣe ń wo eré yìí ni aládùúgbò mi kan, àgbàlagbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ó ti dúró ní ìlà iwájú fún ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ nígbà èwe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, bọ́ọ̀lù ni mo máa ń fi ojú lé kiri, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nílé. Ó ní kí n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó ní kí n máa wo ẹsẹ̀ àwọn ẹni ńláńlá márùn-ún tí ó wà níwájú, nítorí pé kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ wọn ti sọ bí yóò ṣe rí. Ẹni tí ó bá nàró ti pàdánù. Ẹni tí ó bá tẹ orúnkún, tí ọwọ́ rẹ̀ wọ àárín àyà alátakò kí ti alátakò tó wọ tirẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbá ilẹ̀ lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀ láìdúró, òun ni yóò ti ẹnì kejì.

Ó yé mi kíákíá, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nínú iyanrìn nìyẹn. Ẹni tí ó ti ja ìjàkadì rí mọ̀ pé ẹni tí ó bá wọlé sísàlẹ̀ ni ó ń gbé ẹnì kejì ṣánlẹ̀, pé ẹni tí ó bá na ọwọ́ láìgbé ẹsẹ̀ yóò bá ara rẹ̀ lórí ilẹ̀. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí ṣe ń mú ara wọn lulẹ̀ kò yàtọ̀ sí i, àfi pé ẹni tí a fẹ́ mú ń sáré bọ̀ tagbára-tagbára. Orí gbọ́dọ̀ wà lókè kí ojú lè rí ohun tí èjìká fẹ́ kàn. Ẹni tí ó bá tẹrí ba lè ṣẹ́ ọrùn ara rẹ̀. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ yí itan ká. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn tí ara bá ti kan ara. Ní alẹ́ tí UCLA nà wá, mo rí àwọn ọmọ tí ó lágbára bí akọ màlúù tí wọ́n ń fi èjìká gbá alátakò láìfi ọwọ́ mú un, tí ẹni náà sì ń ta gíọ́ngíọ́n, tí ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà mọ́kànlá péré ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún Zach Charbonnet, ó sì fi í rin yáàdì 117.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ ìlà iwájú yìí, nítorí ohun kan tí ó máa ń múnú mi dùn. Orúkọ tí ó jọ ti ilé wa ti pọ̀ nínú eré yìí. BJ Ojulari wà nínú ẹgbẹ́ LSU ti ọdún 2022 tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Azeez sì ti gbá fún Georgia. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo máa ń fi han ọmọ mi ni Olusegun Oluwatimi, tí ó gbá fún Michigan ní ọdún kan náà. Àárín gbùngbùn ìlà ni ó dúró sí. Ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń kúrò lọ sẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìgbésẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti gba bọ́ọ̀lù wọlé, ọmọdé kì í sábà wọ ẹ̀wù tí a kọ nọ́ńbà irú rẹ̀ sí. Síbẹ̀ ó gba ẹ̀bùn Rimington àti Outland lọ́dún náà, èyí tí wọ́n fi ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlà lọ́lá. Ìdùnnú mi ni pé Olúṣẹ́gun ni orúkọ ẹni tí ó di ìpìlẹ̀ náà mú.

Ìdí tí ọjọ́ àkọ́kọ́ fi le

Àwọn kan ń sọ pé kò yẹ kí a máa bínú sí ọjọ́ àkọ́kọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù yunifásítì kò ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ṣe ní i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà yóò gbá àjèjì ni ìgbà tí wọ́n ti ń ka àmì. Láti ọdún 2021 pẹ̀lú, NCAA, àjọ tí ó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ti dín ọjọ́ ìgbaradì tí wọ́n lè fi gbogbo ara kọlu ara wọn kù láti 21 sí 9, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú 75 mú ara wọn lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Òfin náà dára lójú mi, n kò ní fẹ́ kí wọ́n yí i padà. Ọpọlọ ọmọ ọlọ́mọ ni, àwọn ìyá wọn sì ń wo wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àkókò bá ti kéré tó báyìí, ibi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ná an sí ni yóò fi ohun tí ó kà sí hàn.

Ìṣòro kejì ni pé àwọn ọmọ kò dúró mọ́. Láti ìgbà tí òfin ti gbà wọ́n láyè láti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn kí wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀, àjèjì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, nígbà tí òfin gba ọmọ 85 tí ó ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, 39 péré ni LSU rí kó lọ sí Houston láti bá Kansas State gbá. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ti Superdome. Bí a bá fẹ́ gbá àmì ẹyọ kan, ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ẹni tí ó ń gbé e nàró sílẹ̀ àti ẹni tí ó ń gbá a kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀ lọ láti parí iṣẹ́ wọn, bí àwọn tí ó dúró níwájú wọn kò bá sì ti mọ ara wọn débi pé èjìká wọn lè sún mọ́ra láìrò ó, àlàfo ni yóò wà. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kì í wo orúkọ ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, Michigan tí ó wà ní ipò 5 pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ Appalachian State, 34 sí 32, lójú èrò tí ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, nígbà tí Corey Lynch dí bọ́ọ̀lù tí wọn ì bá fi borí.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sọ ìrètí nù ni pé mo rí i kí àwọn ọmọ ọdún 2022 náà tó parí sáà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, wọ́n borí Alabama 32 sí 31 ní àfikún àkókò, àmì ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì là wọ́n. Malik Nabers tí punt bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì di ẹni tí ó gba bọ́ọ̀lù fún yáàdì 3,003 kí ó tó kúrò ní LSU, ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ New York Giants sì mú un ní 2024, òun ni ẹni kẹfà tí wọ́n mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń yan àwọn ọmọ yunifásítì. Ọwọ́ tí ó ń jò lè kọ́ láti dì. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n ti kọ́ ọ kí oṣù Kẹjọ tó parí, kì í ṣe ní oṣù Kọkànlá.

Ní ilé Clemson

Bí Clemson bá lágbára jù wá lọ, n óò gbà. Bí Klubnik bá ju bọ́ọ̀lù kan tí ó kọjá láàárín ìka ọwọ́ méjì, tí kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró, n óò pàtẹ́wọ́ fún un nínú pálọ̀ mi. Ohun tí n kò fẹ́ rí mọ́ ni ìjìyà yáàdì márùn-ún nítorí pé ẹnì kan gbéra kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Tàbí ọmọ tí ó dúró sábẹ́ punt tí ó ń wo àwọn tí ó ń sáré bọ̀ dípò kí ó wo bọ́ọ̀lù. Tàbí ẹni tí a ti mú, tí ó tún jàjàbọ́ nítorí pé ọwọ́ kan ni a fi mú un. Ariwo ibẹ̀ yóò pọ̀ gan-an lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ohun tí ènìyàn ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójoojúmọ́ nìkan ni ara rẹ̀ yóò rántí.

Ọmọ mi ti ga jù mí lọ báyìí. Ní àná ó bi mí bóyá n óò sè ìrẹsì kí eré tó bẹ̀rẹ̀ tàbí kí a dúró di ìsinmi àárín. Mo ní kí a ti sè é kalẹ̀, kí a sì ti gbé omi sórí tábìlì, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá gba bọ́ọ̀lù wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìbáà ṣe tiwa, ìbáà ṣe tiwọn, n kò ní dìde lórí àga yẹn títí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá yóò fi kọjá láàárín òpó méjèèjì.